Ohun Èlò Ọtí Àpòpọ̀ àti Ọnà Ìgbàlódé

Iṣẹ́ tí ẹ fi rán mi ni pé kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ohun èlò tí àwọn ará Amẹ́ríkà àti ará Yúróòpù fi ń po ọtí pọ̀ láyé ìgbà tí àwọn bàbá wa ṣì jẹ́ ọmọdé, àti bí ọnà ìgbàlódé ṣe wọ inú irú ohun èlò bẹ́ẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí àwọn kan láàárín wa máa ṣe kàyéfì pé kí ni ó kan ọmọlúwàbí pẹ̀lú agolo ọtí. Èmi kò wá yin ọtí, n kò sì wá bá a jà. Ọ̀rọ̀ ohun èlò ni mo bá wá, nítorí pé ohun tí àwọn ènìyàn bá ń gbé sórí tábìlì nígbà tí ara bá rọ̀ wọ́n, tí àlejò sì jókòó yí wọn ká, a máa tú àṣírí ọkàn wọn ju ìwé òfin wọn lọ. Kí n sì tètè sọ èrò mi, kí ẹ má baà máa wá a kiri nínú ọ̀rọ̀ mi: dídán kọ́ ni ó sọ ohun èlò di ti ìgbàlódé. Ohun tí ó sọ ọ́ di bẹ́ẹ̀ ni pé ẹni tí ó ya àwòrán rẹ̀ tẹrí ba fún iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe àti fún ọwọ́ tí yóò dì í mú, tí ó sì tún ronú kan ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ra fàdákà. Ìwọ̀n méjì yìí ni n ó máa fi wọn gbogbo ohun tí n ó bá dárúkọ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ náà. Ọtí àpòpọ̀ tí wọ́n ń pè ní kọ́kútéèlì ni ọtí líle tí a dà pọ̀ mọ́ omi èso, tàbí ṣúgà, tàbí ọtí mìíràn, tí a wá fi omi dídì sí, tí a sì mì títí tí yóò fi tutù rinrin. Agolo tí a ń mì ín nínú rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní ṣékà. Irin ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, nítorí pé òtútù kì í pẹ́ ran irin, ara agolo náà ni yóò sì sọ fún ẹni tí ń mì ín pé ó tó wàyí: bí ìrì funfun bá ti bò ó lára, tí ìka ọwọ́ sì ń kú tipiri, iṣẹ́ ti parí nìyẹn. Ṣùgbọ́n òtútù kan náà yìí ni ọ̀tá agolo náà. Afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ a súnkì, a sì fa ìdérí mọ́ra gírígírí, tó bẹ́ẹ̀ tí onílé yóò fi máa bá ìdérí wọ ìjàkadì lójú àwọn àlejò rẹ̀. Bí ìdérí náà kò bá sì wọ̀ dáadáa, ọtí yóò ta sí ẹni tí ń mì ín láṣọ. Bí kò bá sí asẹ́ lẹ́nu rẹ̀, wóróbo omi dídì yóò bá ọtí wọnú ife. Bí etí rẹ̀ kò bá mú ṣáṣá, ọtí yóò máa ṣàn lọ sísàlẹ̀ agolo dípò kí ó dà sínú ife. Ìṣòro mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni ìdánwò gbogbo ẹni tí ó bá fẹ́ ya ṣékà. Ní ọdún 1884, ọkùnrin kan ní Brooklyn tí ń jẹ́ Edward Hauck gba ìwé àṣẹ lórí èyí tí ó jẹ́ ẹ̀yà mẹ́ta, tí í ṣe agolo, ọrùn tí a kọ́ asẹ́ sí, àti ìdérí kékeré lórí rẹ̀. Títí di òní, ìpìlẹ̀ tí Hauck fi lélẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀ ń kọ́lé lé.

Kí ọdún 1920 tó dé, iṣẹ́ agbọ́tí ni gbogbo èyí ní Amẹ́ríkà. Ilé ọtí ni ọkùnrin ń lọ, agbọ́tí tí ó ti kọ́ṣẹ́ yanjú a sì po ọtí fún un. Ohun èlò náà kò sì ní ọ̀ṣọ́ púpọ̀, nítorí pé ọwọ́ agbọ́tí ni àwọn ènìyàn ń wò, wọn kò wo agolo. Ṣùgbọ́n ìgbà ò lọ bí òréré, ayé ò lọ bí ọ̀pá ìbọn. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1920 ni òfin tí ó ka ṣíṣe ọtí àti títà rẹ̀ léèwọ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè náà. Àwọn agbọ́tí fọ́n ká. Àwọn kan wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Yúróòpù, irú wọn ni Harry Craddock tí ó gba iṣẹ́ ní hótẹ́ẹ̀lì Savoy ní Lọ́ńdọ̀nù, tí ìwé tí ó ṣe, The Savoy Cocktail Book, sì jáde ní 1930. Àwọn tí wọ́n dúró nílé kò jáwọ́ nínú ọtí, ilẹ̀kùn ni wọ́n tì. Ọtí tí wọ́n ń rà níkọ̀kọ̀ korò, ó sì ń ta wọ́n lọ́fun, nítorí náà omi èso àti oyin ni wọ́n fi ń bo ìkorò rẹ̀ mọ́lẹ̀, baálé ilé àti ìyàwó rẹ̀ sì di agbọ́tí ara wọn. Báyìí ni òfin tí a ṣe láti pa ọtí rẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ohun èlò ọtí kúrò ní ilé ọtí, tí ó sì gbé e wọ inú yàrá àlejò, níbi tí ó ti bá àga dáradára, aṣọ fèrèsé àti fìtílà iná mànàmáná pàdé, tí kò sì lè rí bákan mọ́ láàárín wọn. Ó dá mi lójú pé bí kò bá sí òfin yìí, àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ ọnà tí n ó dárúkọ wọn kò bá tí fi ojú kan agolo náà rárá.

A wọ́gi lé òfin náà ní ọjọ́ 5 oṣù Kejìlá ọdún 1933, ṣùgbọ́n ìlú tí ọtí padà sí kì í ṣe irú èyí tí ó fi sílẹ̀ mọ́. Ọ̀dá owó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní òpin 1929 ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àìmọye ènìyàn, ilé kíkọ́ ti dáwọ́ dúró, ta ni yóò sì ra páìpù idẹ nígbà tí ẹnikẹ́ni kò kọ́lé? Ní ìpínlẹ̀ Connecticut, lẹ́bàá odò Naugatuck, àfonífojì kan wà tí idẹ jẹ́ oúnjẹ òòjọ́ gbogbo ará ibẹ̀; níbẹ̀ ni ìlú Waterbury wà, níbẹ̀ sì ni ilé iṣẹ́ Chase Brass & Copper ti ń rọ páìpù àti pẹlẹbẹ idẹ. Kì í tán nínú igbá osùn kí a má rí fi pa ọmọ lára. Nígbà tí àwọn kọ́lékọ́lé kò dé mọ́, Chase pe àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ, ó sì bi wọ́n pé kí ni a lè fi páìpù kan náà yìí, pẹlẹbẹ kan náà yìí àti ẹ̀rọ tí ó dúró lásán yìí ṣe, tí ìyàwó ilé yóò fẹ́ rà. Walter von Nessen, ọmọ ìlú Berlin, wà nínú àwọn tí ó dáhùn. Russel Wright àti Lurelle Guild náà wà níbẹ̀. Howard Reichenbach ni ó ya ṣékà tí wọ́n sọ ní Gaiety ní 1933: agolo gbọọrọ kan tí kò ní ìtẹ̀ tàbí ìwú, bí a ṣe ń gé páìpù gẹ́lẹ́, tí òrùka dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ yí i ká, tí ìdérí rẹ̀ sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹ wò ó bí ipò àìní ṣe bí ẹwà. Kò sí òdòdó lára rẹ̀, kò sí èso àjàrà, kò sí ọmọ áńgẹ́lì, gbogbo ohun tí àwọn alágbẹ̀dẹ fàdákà ti ń fi ṣe ọ̀ṣọ́ láti ayébáyé. Páìpù tí a fi òrùka sí ni, ó sì dára.

Kúróòmù ni ó jẹ́ kí èyí ṣeé ṣe, ó sì yẹ kí a dúró díẹ̀ sí ọ̀rọ̀ rẹ̀. Àwa tí a mọ idẹ gẹ́gẹ́ bí ohun ọ̀ṣọ́ Ọ̀ṣun mọ̀ pé bí a kò bá máa fọ̀ ọ́, yóò ṣú. Fàdákà náà bẹ́ẹ̀, imí-ọjọ́ tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ a máa sọ ọ́ di dúdú, ẹni tí ó bá sì ní fàdákà púpọ̀ gbọ́dọ̀ ní ìránṣẹ́ tí yóò máa nù ún. Láàárín ọdún 1920 sí 1930 ni a wá mọ bí a ṣe lè fi agbára iná mànàmáná wọ kúróòmù sára irin ní ilé iṣẹ́ ńlá. Ìpele tín-ín-rín ni, lórí nikẹ́ẹ̀lì tí ó wà lórí idẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣú, kì í dípẹtà, aṣọ tútù lásán sì tó láti mú un mọ́. Nítorí náà, ìyàwó akọ̀wé tí kò ní ìránṣẹ́ kankan lè gbé ohun tí ń dán bíi dígí sórí tábìlì rẹ̀ kí àlejò sì rí ojú ara rẹ̀ nínú rẹ̀. Àwọn ọlọ́rọ̀ ṣáátá kúróòmù pé ayédèrú fàdákà ni. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Kúróòmù kò fara wé ẹnikẹ́ni. Ó ní ìdán tirẹ̀, tí ó tutù ju ti fàdákà lọ, tí àwọ̀ rẹ̀ sì fà mọ́ ti ojú ọ̀run tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, àwọn tí wọ́n sì mọ̀ ọ́n lò jẹ́ kí ìdán náà dá dúró fúnra rẹ̀.

Ó wá kan ọkùnrin tí ó jẹ́ pé, bí a bá fẹ́ kì í bí a ti ń ki akọni, oríkì rẹ̀ kò ní tètè tán. Norman Bel Geddes ni, ọmọ ìlú Adrian ní ìpínlẹ̀ Michigan, tí a bí ní 1893, a-sọ-tíátà-di-ilé-ìsìn, a-ya-ọkọ̀-òfuurufú-kí-ayé-tó-mọ-bí-a-ó-ṣe-kàn-án. Òun ni ó sọ gbọ̀ngàn tíátà di ṣọ́ọ̀ṣì ńlá fún eré The Miracle ní New York ní 1924. Òun ni ó ya àwòrán ọkọ̀ òfuurufú tí yóò gbé èrò 451 ní 1929. Òun ni ó kọ ìwé Horizons ní 1932, tí ó sì wá kọ́ àwòrán ìlú ọjọ́ iwájú tí a mọ̀ sí Futurama fún General Motors níbi àfihàn àgbáyé ti New York ní 1939. Ẹni tí ń ro irú èrò gàgàrà báyìí ni ilé iṣẹ́ Revere Copper and Brass, ní ìlú Rome ní ìpínlẹ̀ New York, gbé iṣẹ́ agolo ọtí fún ní nǹkan bí 1934 sí 1935. Ohun tí ó fún wọn ni ṣékà tí wọ́n ń pè ní Skyscraper, pẹ̀lú àwọn ife rẹ̀ àti tíréè tí ń jẹ́ Manhattan. Ṣékà náà dúró gbọnrangandan bí òpó, ilà tóóró tóóró sọ̀ kalẹ̀ lára rẹ̀ láti ọrùn dé ìsàlẹ̀, ìdérí rẹ̀ sì fẹsẹ̀ lé àtẹ̀gùn bí ìgbà tí ilé bá ń dín kù bí ó ti ń gòkè sí i. Nígbà tí a bá gbé e sórí tíréè, tí àwọn ife kékeré sì yí i ká, ìlú ni a ń wò, ilé àwòṣífìlà kan láàárín àwọn ilé tí kò ga tó o, gbogbo rẹ̀ nínú idẹ tí a fi kúróòmù bò.

Ẹ rántí ìgbà tí èyí ń ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ kìíní oṣù karùn-ún ọdún 1931 ni a ṣí Empire State Building, alájà 102, ọ̀pọ̀ yàrá rẹ̀ ni kò sì rí ayálégbé fún ọdún púpọ̀ nítorí ọ̀dá owó. Ìlú tí kò rí ẹni kún ilé rẹ̀ ní òde ni ó kọ́ ilé ìrètí kékeré sórí tábìlì, tí àwọn ará rẹ̀ sì ń da ọtí inú rẹ̀ fún ara wọn. Mo fẹ́ràn ohun èlò yìí nítorí èyí, ó sì tọ́ bí ilé àkójọ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ti Brooklyn ṣe fi í pamọ́ fún ayé. Ṣùgbọ́n n kò ní yìn ín kọjá ibi tí ó dé. Ilà ara rẹ̀ wúlò lóòótọ́, nítorí wọn kì í jẹ́ kí ó yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ tí ó tutù; àtẹ̀gùn orí ìdérí rẹ̀ kò ran ọtí lọ́wọ́ rárá, kò sì ran ọwọ́ lọ́wọ́. Ọmọ tíátà ni Bel Geddes, aṣọ eré ni ó sì dá fún ṣékà, aṣọ tí ó yẹ ẹ́ gan-an, ṣùgbọ́n tí ó ṣì jẹ́ aṣọ. Tí a bá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Gaiety tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà, Gaiety ni ó sún mọ́ ìlérí ọnà ìgbàlódé jù.

Àwọn mìíràn ń ṣe ṣékà tí ó rí bí ẹyẹ, bí ọkọ̀ òfuurufú, tàbí bí ilé iná etíkun. Emil Schuelke ya ẹyẹ pẹ́ńgúìnì fún ilé iṣẹ́ Napier ní Meriden, Connecticut, ní 1936, ẹnu ẹyẹ náà ni ọtí sì ń gbà jáde. Ẹni tí ó bá rí i yóò rẹ́rìn-ín, kò sì sí ohun tí ó burú nínú ẹ̀rín, ṣùgbọ́n ìyẹn kò sí nínú ọ̀rọ̀ tí mo bá wá.

Ní Yúróòpù, ọ̀nà tí wọ́n gbà yàtọ̀. Ilé ẹ̀kọ́ Bauhaus tí Walter Gropius dá sílẹ̀ ní Weimar, ní Jámánì, ní 1919, tí ó ṣí lọ sí Dessau ní 1925, tí ó sì kógbá sílé ní 1933 nígbà tí ìjọba Hitler dìde sí i, ń kọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn ìrísí tí kò ṣeé yọ nǹkan kúrò lára wọn mọ́: òbìrí, òpó, ohun róbótó. Ní ibi ìrọ̀dẹ ilé ẹ̀kọ́ náà, níbi tí László Moholy-Nagy ti jẹ́ ọ̀gá láti 1923, obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Marianne Brandt, tí ó ya ìkòkò tíì kékeré kan ní 1924, ìdajì ohun róbótó tí ó jókòó lórí ẹsẹ̀ tí a gbé dábùú ara wọn. Ìkòkò yẹn lókìkí káríayé, bẹ́ẹ̀ ni ó sì yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n òkìkí a máa fa ohun tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ra.

Ní Stockholm, ní ilé iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ fàdákà C. G. Hallberg, ọ̀dọ́bìnrin kan ń ṣiṣẹ́ láàárín ọdún 1930 sí 1940, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Sylvia Stave, ọmọ Swídìn tí a bí ní 1908. Ó ya ṣékà kan tí ó rí róbótó pátápátá, tí ọwọ́ ìdìmú rẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tí ẹnu kékeré sì wà fún un láti da ọtí jáde. Kò sí ìrísí mìíràn lábẹ́ ọ̀run tí ó lè gba omi tó bẹ́ẹ̀ kí awọ ara rẹ̀ sì kéré tó bẹ́ẹ̀, nítorí náà ooru òde kò rí ọ̀nà púpọ̀ gbà wọlé. Omi dídì inú rẹ̀ kò sì rí igun tí yóò há sí, yíyí ni yóò máa yí títí ọtí yóò fi tutù. Ọwọ́ ẹni tí ń mì ín kò kan ara tútù náà, ọwọ́ ìdìmú ni ó dì mú. Iṣẹ́ tí a fẹ́ fi ṣe àti ọwọ́ tí yóò dì í mú ni Stave ronú kàn, kò sì fi ọ̀ṣọ́ kan bo ìdáhùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀, ó sì lọ ń gbé ní ilẹ̀ Faransé, ayé gbàgbé rẹ̀. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Alessi ti Ítálì bẹ̀rẹ̀ sí í tún ṣékà náà rọ ní ọdún bíi mélòó kan kí 1990 tó wọlé, orúkọ Marianne Brandt ni wọ́n fi tà á, nítorí pé ó rí róbótó bí iṣẹ́ Bauhaus, àwọn ènìyàn sì gbà pé kò sí ẹlòmíràn tí ó lè ronú bẹ́ẹ̀. Stave ṣì wà láàyè nígbà náà. 1994 ni ó tó kú. Lẹ́yìn náà ni àwọn olùwádìí dá iṣẹ́ padà fún olóhun, orúkọ rẹ̀ ni Alessi sì ń lò báyìí. Yinni yinni kí ẹni ṣe òmíràn: ẹni tí a fi ìyìn rẹ̀ fún ẹlòmíràn, kí ni yóò mú kí ó ṣe òmíràn? Ọ̀rọ̀ yìí dùn mí, n kò sì lè sọ̀rọ̀ lórí ohun èlò wọ̀nyí kí n má sọ ọ́.

Ogun wá dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ní 1942, ìjọba Amẹ́ríkà nílò bàbà àti idẹ fún ọta ìbọn, Chase sì fi ohun èlò ilé sílẹ̀. Lẹ́yìn ogun, ife gíláàsì tí a fi wúrà ya nǹkan sí lára ni ó gba ọjà, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Culver ń ṣe ní Brooklyn. Wọ́n wuyì, ṣùgbọ́n ọ̀ṣọ́ ni wọ́n padà sí. Ítálì àti Dẹ́ńmáàkì ni ó wá gbé ọnà ìgbàlódé náà lọ síwájú. Ní 1957, Luigi Massoni àti Carlo Mazzeri ya ṣékà kan fún Alessi, a sì fi í hàn ní ibi àfihàn Triennale ní Milan lọ́dún náà: irin tí kì í dípẹtà, tí ìlà ara rẹ̀ ga sókè láìsí ìdádúró, tí ojú kò rí ibi tí agolo parí sí tí ìdérí ti bẹ̀rẹ̀. Ìpìlẹ̀ ẹ̀yà mẹ́ta Hauck ni, ṣùgbọ́n wọ́n ti fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, ní 1967, ilé iṣẹ́ Stelton gbé àwọn ohun èlò tí wọ́n pè ní Cylinda-Line jáde láti ọwọ́ Arne Jacobsen, ọ̀gá ayàwòrán-ilé ará Dẹ́ńmáàkì, ẹni tí Peter Holmblad, ọmọ ìyàwó rẹ̀ tí ń ṣiṣẹ́ ní Stelton, rọ̀ títí tí ó fi gbà. Òpó lásán ni ìpìlẹ̀ gbogbo rẹ̀, ìkòkò kọfí, agbada omi dídì, ṣékà. Ó sì le láti rọ tó bẹ́ẹ̀ tí ilé iṣẹ́ náà ní láti wá ọgbọ́n tuntun kí irin tó gbà láti rí bí ìlà tí Jacobsen fà sórí ìwé.

Nínú gbogbo wọn, ti Sylvia Stave ni mo fi ṣe ìkíní nínú ọgbọ́n, Gaiety ni mo fi ṣe ìkíní nínú àánú, ti Massoni àti Mazzeri sì ni mo gbà fún ẹni tí ó fẹ́ lò ó lójoojúmọ́, nítorí pé Alessi ṣì ń rọ ọ́ di òní. Ẹ̀bẹ̀ ni ó kù tí mo ní. Ọ̀pọ̀ nínú yín ní ará ní òkè òkun, àwọn mìíràn ń gbé níbẹ̀, níbi tí irú ohun èlò yìí ti ń jáde láti inú àjà ilé àwọn tí wọ́n ti darúgbó. Bí ó bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, ẹ má ṣe fi ìyẹ̀fun líle fọ̀ ọ́, nítorí kúróòmù rẹ̀ tín-ín-rín, bí ó bá sì ti họ, kò sí fífọ̀ tàbí nínù tí yóò mú un padà bọ̀ sípò. Ọṣẹ díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ tó. Ẹ yí i dojú dé, kí ẹ wo àmì ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àwòrán ẹ̀dá tí ó jẹ́ ìdajì ènìyàn, ìdajì ẹṣin, tí ó sì ń ta ọfà, ni àmì Chase. Orúkọ ilé iṣẹ́ nìkan ni ẹ ó sábà rí níbẹ̀. Ẹ wádìí orúkọ ẹni tí ó ya á, kí ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ yín.